Táńkì Apá Òsì

Ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré kan ṣàdédé dákẹ́ lójú sánmà. Awakọ̀, tí kò fojú ba oorun láti àná, ṣáná sí i títí, ó kọ̀ jálẹ̀.

“Ọkọ ọmọ mi, ó ṣe dákẹ́?” ìyá ìyàwó rẹ̀ béèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ó ń sinmi ni, Mà.”

“Lókè níbí?”

Ó rọra gbé bàálù bà sórí pápá kan. Wọ́n gbọ̀n jìgìjìgì, wọ́n dúró. Ìyá gbá a mọ́ra. “Akọni lọmọ mi fẹ́. Gbogbo ẹbí ló máa gbọ́.”

Awakọ̀ nawọ́ láti pa iná mànàmáná bàálù. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń yan táńkì epo ṣì kọjú sí táńkì apá ọ̀tún, tó ti gbẹ táútáú. Ti apá òsì kún fọ́fọ́; ó gbàgbé láti yí i síbẹ̀.

“Kí ló wá ṣe ẹ́ńjìnnì gan-an?”

Ó fi orúnkún bo kọ́kọ́rọ́ náà. “Oorun ni, Mà.”