Ọ̀pọ̀lọ́ Oníkùn Pupa

Bàbá Jonas Ọláṣẹ̀hìndé kọ́ni nípa ẹranko ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, tí wọ́n ń pè ní lisé, ní ìlú Bouaké títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun rí ọ̀pọ̀lọ́ kan tí ikùn rẹ̀ pupa bí epo, ní adágún kan lórí òkè lápá ìlú Man. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn onímọ̀ wá ọ̀pọ̀lọ́ náà lọ, wọn ò rí i. Wọ́n pe Bàbá ní òpùrọ́.

Láídé, tó ń ya fọ́tò ní àdúgbò Dar-es-Salam ní Bouaké, ti jókòó ní kíláàsì rẹ̀ rí. "Ohun tí ojú yín bá rí nìkan ni kí ẹ kọ," ni Bàbá máa ń wí fún wọn. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, Láídé ní òun á lọ ya ọ̀pọ̀lọ́ náà wá.

"Má ṣe wàhálà, ọmọ mi. Ọ̀nà jìn."

"Ẹ ṣáà júwe ibi tí ẹ ti rí i fún mi, Bàbá."

Bàbá gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ àpáta ni. Ó ti pẹ́."

Ọjọ́ mẹ́rin ni Láídé fi wà létí adágún. Òjò pa á, ẹ̀fọn jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ lásán ló rí, aláwọ̀ eérú. Ó ya ọ̀kan. Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó fi kọ̀ǹpútà sọ ikùn rẹ̀ di pupa.

Bàbá gbé fọ́tò náà súnmọ́ ojú.

"Ó wà lóòótọ́?"

"Ó wà, Bàbá."

Omi bọ́ lójú àgbàlagbà.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun Láídé mọ́. Màmá Fọlákẹ́mi, ìyàwó Bàbá, a máa pè é lórí fóònù: "Bàbá rẹ ti ń jẹun o! Kò sí àlejò tí kì í fi fọ́tò yẹn hàn." Ńṣe ni Láídé á yára gé fóònù.

Lọ́jọ́ Sunday kan, ó ti ṣọ́ọ̀ṣì gba àdúgbò Dougouba lọ sílé Bàbá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi." Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀rín wà lójú rẹ̀.

"Mi ò fojú kan ọ̀pọ̀lọ́ kankan níbẹ̀ rí, Láídé, irọ́ ni mo kọ, ó sì ti pé ogójì ọdún tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó dá ọ̀kan ṣoṣo síbẹ̀ kí n tó kú."