Òjò Kò Mọ Ẹgbẹ́

"Pa tẹlifíṣọ̀n yẹn jàre!" ni ọnọ́rébù jágbe ní pálọ̀ rẹ̀ ní Sùúrùlérè.

Ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà, kò dìde. Ọnọ́rébù Múṣin ló wà nínú ìròyìn, tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ gọ́tà nílé ìgbìmọ̀, tí gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́.

"Dádì Ìrètí, 'áyì' tí wọ́n fi ń dìbò nìkan là ń gbọ́ lẹ́nu tiyín níbẹ̀."

Ọkọ jowú. "Ta ló tiẹ̀ ń bá a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀?"

"Mo ní kí n máa kọ tiyín lọ́jọ́sí. Ẹ ní ọ̀rọ̀ obìnrin ò wọ ilé ìgbìmọ̀."

Ọkọ pòṣé.

"Òjò ò mọ ẹgbẹ́ òṣèlú," ni ọnọ́rébù Múṣin wí lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì dánu dúró díẹ̀.

"Gbogbo ilé ló ń wọ," ni ìyàwó rọra parí ọ̀rọ̀ náà, láìgbójú kúrò lára ẹ̀wà, kí ọnọ́rébù Múṣin tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.