Èdè Tí Wọ́n Fi Jí Hàwáù

Bí ẹni ń béèrè irú oúnjẹ tí aláìsàn fẹ́ ni nọ́ọ̀sì ṣe béèrè: "Bàbá, èdè wo ni ká fi jí ìyàwó yín? Àrùn rọpárọsẹ̀ ti ba ọpọlọ wọn jẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo nínú èdè méjèèjì tí wọ́n gbọ́ ni ẹ̀rọ lè gbà là. Ọkọ ni òfin ní kó yàn."

Gàníyù wo ìyá ìyàwó rẹ̀, arúgbó Tápà tó wá láti Pàtígì, tí kò gbọ́ Yorùbá ju ìkíni lọ. Ìyá ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ó ń fi òrí ra ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Gàníyù ro ti àwọn ọmọ tó wà nílé, ó sì ro ti ara rẹ̀.

"Yorùbá ni," ló wí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Hàwáù lajú. "Bàbá Sìkírù, ṣé àwọn ọmọ ti jẹun?"

Omi ayọ̀ bọ́ lójú Gàníyù. Ìyá fò dìde, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń fi Tápà bá a sọ̀rọ̀ tẹkúntẹkún. Hàwáù tẹ́tí títí, ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Kí ni ìyá mi ń sọ?"

Gàníyù wo ìyá, ó wo ìyàwó rẹ̀. Látọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, Hàwáù ló máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìyá fún òun tí kò gbọ́ Tápà.