Igbó Ẹ̀yìn Ọgbà Iná

Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí ẹbí tó ni igbó ẹ̀yìn ọgbà iná fọwọ́ sí i pé àwọn yọ̀ǹda rẹ̀. Láìsí ìyẹn, káńsù kò ní gbà kí àwọn oníná fẹ ọgbà náà, tiransifọ́mà ńlá tí wọ́n ṣèlérí fún abúlé Alajue yóò sì gba ibòmíràn lọ.

Mọ́tọ́lá ló ń sáré ọ̀rọ̀ náà kiri. Opó ni, ìyàwó ilé ẹbí tó ni igbó gan-an ni, kò sì sí ọ́fíìsì kan ní Ẹdẹ tí wọn kò ti mọ ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi í ní ìdí. Tóbilọ́ba ọmọ rẹ̀ kú sórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn kékeré abúlé, lọ́jọ́ òjò kan tí iná lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fún un ní atẹ́gùn sì dákẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé òkú délé, wọ́n ti ìyá mọ́ yàrá, àwọn obìnrin dì í mú, àwọn ọkùnrin ilé sì gbé ọmọ jáde gba ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀ ti ṣú, gbogbo ilé sì ti ń sọ ọ̀rọ̀ míì. Láti ọjọ́ náà ló ti búra fún ara rẹ̀ pé kò sí ìyá míì tí òkùnkùn máa gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Alajue.

Ẹni tó dí i lọ́nà ni Ògúndèyí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, olórí ẹbí. Àgbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Lọ́jọ́ tí Tèmítọ́pẹ́, òṣìṣẹ́ káńsù, bá ẹnjiníà àwọn oníná wá ṣèpàdé níwájú ilé rẹ̀, ó ní kí wọ́n gba oko kòkó òun dípò igbó náà.

"Mo fi ta yín lọ́rẹ ni," ó ní. "Ẹ ò ní san kọ́bọ̀."

Ẹnjiníà mi orí. "Bàbá, omi máa ń dárogún sí oko yín lójò. Inú igbó yẹn náà ni wáyà ńlá gbà kọjá."

"Kí ló tilẹ̀ wà nínú igbó náà, Bàbá?" Tèmítọ́pẹ́ bi í. "Ṣé ojúbọ ni? Àbí sàréè?"

Ògúndèyí ń wo ilẹ̀. Gbénga ọmọ rẹ̀, ajórin tí àìsí iná ti sọ di ajókòó-lásán, wo bàbá rẹ̀, ó sì gbójú kúrò. Àwọn àgbà ẹbí tó kù ń tún ọrùn aṣọ wọn ṣe.

Mọ́tọ́lá ló dìde. "Kò sí nǹkankan níbẹ̀, mà. Igbó lásán ni. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ilé ti ń ṣẹ́gi ìdáná wá fún mi."

Tèmítọ́pẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó já Mọ́tọ́lá nírọ́.

Ìpàdé tú, Ògúndèyí kò fọwọ́ sí nǹkankan. Mọ́tọ́lá bínú gidi. Ó dá a lójú pé ìlara ni, pé ọkùnrin náà kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé obìnrin tí wọ́n fẹ́ wọlé ló mú iná wọ abúlé. Ó kó àwọn ìyá ọlọ́mọ jọ, wọ́n lọ kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórí ẹbí.

"Ẹ wo ojú mi, Bàbá Gbénga," ó ní. "Nítorí Tóbilọ́ba ni mo ṣe ń bẹ̀ yín. Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó wà láyé. Ẹ má fi igbó lásán du àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

Omi bọ́ lójú Ògúndèyí. Ó na ọwọ́ gba bírò, ó sì fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda náà. Ó ní ẹ̀bẹ̀ kan ni òun ní, kí wọ́n má jẹ́ kí katapílà wọ ibẹ̀ títí ọjọ́ ọjà yóò fi kọjá.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀, Bàbá?"

"Ètùtù díẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ àwa ọkùnrin ni."

Mọ́tọ́lá dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Lónìí ètùtù ni, lọ́la ó lè ní àlá tí òun lá kò dáa. Kò dúró jẹun tó fi gbé ìwé náà dé káńsù, wọ́n sì lù ú lóǹtẹ̀ lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti pe ẹnjiníà lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ kó gbé katapílà wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, láì dúró de ọjọ́ ọjà, kí bàbá tó yí ohùn padà. Ẹnjiníà náà ń kánjú, ó gbà.

Nígbà tí ẹ̀rọ dé, Mọ́tọ́lá ti ń dúró nínú aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí òde. Inú rẹ̀ dùn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Dírẹ́bà bi í níbo ni kí òun ti bẹ̀rẹ̀. Ó nawọ́ sí abẹ́ ọ̀pẹ kan tí koríko kò ti pọ̀, bí ibi tí ẹnì kan ń ro lóòrèkóòrè, nítorí ó rò pé ibẹ̀ ló máa rọrùn jù.

Ẹ̀rọ náà ki ẹnu bọ ilẹ̀, ó gbé yẹ̀pẹ̀ jáde, ó tún ki í bọ̀ ọ́. Ìgbà náà ni Ògúndèyí àti Gbénga sáré yọ láti ọ̀nà abúlé. Ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ Gbénga, aṣọ funfun tuntun wà lápá bàbá rẹ̀, ó sì ń kígbe kí wọ́n dúró.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa wá dí i!" Mọ́tọ́lá pariwo. Ó na apá méjèèjì dí wọn lọ́nà, ó ní kí dírẹ́bà máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà ti wo inú kòtò, ó sì ti pa ẹ̀rọ.

Ògúndèyí gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, ó da aṣọ funfun náà bo ohun tó wà nínú yẹ̀pẹ̀, ó sì dúró dí i lójú, ó ń sunkún: "Yíjú sẹ́yìn, ìyàwó, ìyá kì í wo sàréè ọmọ rẹ̀."