Ohùn Inú Ṣọ́ọ̀bù Ọmọlangidi

Ẹsẹ̀ Mojírádé ò dúró lọ́jọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó ń lo ìsinmi rẹ̀ ní ìlú Prague, ó sì ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn láàárín èrò tó wá wòran. Ó ti wọ ibi tí wọ́n ti ń ta ṣokoléètì tó dà bí òòlù, ó ti wọ ibi tó jẹ́ pé ológbò ni wọ́n yà sára gbogbo ọjà. Nígbà tó fi dé ṣọ́ọ̀bù ọmọlangidi, ilẹ̀ ti ṣú.

Ọmọlangidi onígi ni wọ́n fokùn so rọ̀ yí ògiri ká. Kò sí afẹ́fẹ́, síbẹ̀ ẹsẹ̀ wọn ń kan ara wọn, kọ́-kọ́-kọ́.

"Àdùkẹ́!"

Òkè àjà ni ohùn náà ti wá. Ìyá àgbà nìkan ló ń fi oríkì yẹn pe Mojírádé, wọ́n sì ti sin Ìyá àgbà lọ́dún tó kọjá.

"Ta ló wà lókè?" ló bi obìnrin tó ń tajà.

"Kò sẹ́nì kankan. Òrùlé ló kàn."

"Àdùkẹ́ ọmọ mi, o ò ní dá mi lóhùn ni?"

Orúnkún Mojírádé ti ń tẹ̀ láti kúnlẹ̀ kó tó mọ̀, torí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í dúró gbọ́ oríkì. Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí. Ó nàró gbọn-in.

"Mi ò ní í jẹ́! Bó bá jẹ́ ìwọ ni Ìyá àgbà, jáde sójú mi!"

Ó di ilẹ̀kùn mú. Lẹ́yìn rẹ̀, láàárín àwọn ọmọlangidi, ọmọbìnrin kan dáhùn pé, "Ìyá àgbà, mo ń bọ̀ mà."

Ohùn Mojírádé gan-an ni.

Kò wẹ̀yìn. "Ìwọ lo jẹ́ ìpè náà o," ó ní, "kì í ṣe èmi." Ó bọ́ síta, ó sì gbá ilẹ̀kùn dé.