Ọjọ́ Orúkọ Ta Lòní?

"Ẹ mú ọ̀rọ̀ kékeré inú èdè Pólàńdì wa yìí, tó ń sọ pé èèyàn la nǹkan kọjá, bí Ísírẹ́lì ṣe la Òkun Pupa," ni olùkọ́ wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú 'gbé láyé'. Kí ló dà?"

"Ó di 'yè é', Mà," ni Dorota dáhùn. "Kógun jà títí, kéèyàn má bógun lọ."

Bàtà ológun dún lórí àtẹ̀gùn. Àwọn Jámánì ti fòfin de irú ẹ̀kọ́ yìí, ó sì lè já síkú. Kíá, ìwé wọ abẹ́ àga, kéèkì jáde sórí tábìlì, bí ẹni ń ṣe àjọyọ̀ ọjọ́ ẹni mímọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà.

Wọ́n ta ilẹ̀kùn wó. Ọ̀gá ológun Jámánì wọlé, ọlọ́pàá àdúgbò tó jẹ́ ọmọ Pólàńdì tẹ̀lé e.

"Àjọyọ̀ kẹ̀? Ìyá tèmi náà ń lọ sí Mísà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ ọjọ́ gbogbo ẹni mímọ́. Ọjọ́ orúkọ ta lòní?" ni Jámánì náà bi olùkọ́.

"Ti Aga—" ni olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.

Ọlọ́pàá fi ìdí ìbọn gbá olùkọ́ lẹ́nu. Eyín fọ́n ká ilẹ̀.

"Ta ló ní kí o sọ̀rọ̀, ìyá játijàti? Ti Dorota ni, ọ̀gá. Òun nìyẹn."

Jámánì ronú díẹ̀. "Òótọ́ ni. Dorota ló ni òní." Ó bu kéèkì jẹ, àwọn méjèèjì sì jáde.

Olùkọ́ gbójú sókè síbi àgbélébùú ara ògiri, láti bi Olúwa ìdí tí ọmọ ìyá ẹni fi ń ṣeni báyìí. Kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń já ewé kan lára rẹ̀ lójoojúmọ́ wà lábẹ́ àgbélébùú náà. Kò sẹ́ni tó rántí já ewé àná: Ẹni Mímọ́ Agata.