Bóòtù Méjì Tí Lásísì Ṣẹ́

Ní ọgbà àwọn mẹ́káníìkì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní ìlú Ìsẹ́yìn, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Lásísì. Ọwọ́ rẹ̀ yá, iṣẹ́ sì yé e, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé òun ṣe àṣìṣe. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ ti ń gbọ́ mi lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Tíṣà Morádékẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá nítorí pé sàlẹ́ńsà rẹ̀ ń pariwo. Sàlẹ́ńsà ni páìpù tó ń kó èéfín ẹ́ńjìnì gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn. Bóòtù mẹ́rin ló so ó mọ́ ẹ́ńjìnì. Ooru ibẹ̀ pọ̀, àwọn bóòtù náà a máa dípẹtà, wọn a sì lẹ̀ pinpin. Ẹni tó bá fẹ́ tú wọn kó lè tún sàlẹ́ńsà ṣe yóò kọ́kọ́ da epo sí wọn, yóò dúró kí epo náà wọlé, lẹ́yìn náà ni yóò máa yí wọn díẹ̀díẹ̀, lọ síwájú, bọ̀ sẹ́yìn.

Lásísì kò da epo kankan. Ó ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Bàbá Tìámíyù, àgbà wẹ́dà tó ń fi iná jó irin pọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Lásísì, rí i.

“Lásísì, da epo sí i, kó o fi sílẹ̀ di ọ̀sán.”

Lásísì rẹ́rìn-ín. “Bàbá, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, koríko á hù lórí ọkọ̀ yìí kí ẹ tó tú bóòtù kan.”

Bàbá padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Lásísì tẹ páìpù náà mọ́lẹ̀. Pàù! Bóòtù àkọ́kọ́ ṣẹ́, ìdajì rẹ̀ há sínú irin. Ó fi ìbínú tẹ ìkejì, òun náà ṣẹ́.

Ká ní ó sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì í láti ké sí àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi bóòtù méjì tó kù mú sàlẹ́ńsà náà, ó fi wáyà so ibi tó ṣí sílẹ̀, ó sì fi gọ́ọ̀mù dí i. Ariwo náà rọlẹ̀.

“Ọ̀gá Lásísì, ṣé ó ti dáa?” ni Tíṣà bi í. “Màámi àti Ìtùnú ọmọ mi ni mo fẹ́ gbé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí.”

“Ó ti dáa, Àǹtí. Ẹ máa fò lọ ni.”

Nítorí ọyẹ́, wọ́n ti gbogbo fèrèsé ọkọ̀ pa kí wọ́n tó gbéra.

Kò pẹ́ sí i, Bàbá Tìámíyù ń kọjá, ó sì rí ìdajì bóòtù méjì nílẹ̀. Ó ṣà wọ́n. “Ìdajì yòókù ńkọ́?”

“Ó há sínú irin, Bàbá. Gọ́ọ̀mù ni mo fi dí i.”

“Gọ́ọ̀mù yẹn á jó dànù, èéfín á sì wọlé bá wọn. Kò ní ta wọ́n lójú o. Oorun ni yóò fi gbé wọn.”

Lásísì pe fóònù Tíṣà, kò wọlé. Ó fò sórí ọ̀kadà, ó sá tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé Ọ̀yọ́, ó rí ọkọ̀ náà létí ọ̀nà. Orí ń fọ́ Tíṣà, ojú rẹ̀ sì ń ṣú, ìdí nìyẹn tó fi dúró. Ìyá rẹ̀ ń bì. Ìtùnú sùn sórí ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n ń jí i, kò jí.

Lásísì gbé ọmọ náà jáde sínú afẹ́fẹ́, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó la ojú. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbà lọ, ọjọ́ mẹ́ta sì ni Ìtùnú lò níbẹ̀.

“Àǹtí, bóòtù méjì ni mo ṣẹ́,” ni Lásísì wí lórí ìkúnlẹ̀. “Mo fi pamọ́ fún yín.”

Tíṣà dá a lóhùn. “Mo bi ọ́, Lásísì. Mo dúró níwájú rẹ, mo sì bi ọ́.”

Bàbá Tìámíyù ló tún ọkọ̀ náà ṣe. Ó jó nọ́ọ̀tù mọ́ orí bóòtù kọ̀ọ̀kan tó há, ó jẹ́ kí ó tutù, ó rọra yí i, ó sì jáde. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan péré ni. Tíṣà dárí ji Lásísì, ṣùgbọ́n kò tún gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́ láé.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò ní ba nǹkan jẹ́ lọ́jọ́ kan. Bó o bá ba nǹkan jẹ́, sọ ọ́ kíákíá fún ẹni tó ni ín, kí o sì wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹni tí o ti fi ṣẹ̀sín rí. Ìtìjú ọjọ́ náà kò ní pẹ́ kọjá. Ṣùgbọ́n bí Ìtùnú kò bá la ojú lọ́jọ́ yẹn, kí ni Lásísì ì bá fi tún un ṣe?